Ìdílé Wa Nínú Fọ́ọ̀mù Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Ní oṣù tí ó kọjá, àbúrò mi tí ó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà pè mí sí Kétu níbí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní òru, ó ní kí n bá òun ka àwọn ọmọ bàbá wa. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ológun ibẹ̀ fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí rẹ̀ kí wọ́n tó lè fi àṣírí hàn án, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní SF-86 ni ó sì ń kọ.

Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè òbí, ọmọ, àna, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ẹni, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti ibùgbé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ilé wa, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè ìyàtọ̀. Àwa méjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀gbọ́n kúrò lára ẹ̀gbọ́n. Mẹ́rin ni ó ti kọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a ka àwọn ọmọ ìyàwó kejì àti ìkẹta, wọ́n di mọ́kànlá. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí òun àti wọn ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp bọ́ sí apá mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń béèrè àwọn àjèjì tí ó sún mọ́ ọn láàárín ọdún 7 sẹ́yìn. Ti ọjọ́ ìbí bàbá wa tún le jù: "né vers 1948" ni ó wà nínú ìwé rẹ̀, ìyẹn ni pé a bí i ní nǹkan bí ọdún 1948. Ìyá wa tí ó ń gbọ́ wa bi mí pé: "Ṣé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ fún un ni, tí wọ́n fi ń wádìí ìdílé tó báyìí?"

Ìyá wa yìí, ará Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà ni. Abẹ́ Kétu ni Ìmẹ̀kọ wà kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fi àdéhùn ọdún 1889 la ààlà sí àárín wa. Nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni ìyá, òfin ọdún 1999 ti ibẹ̀ ka àwa náà mọ́ ọmọ ìlú, bí a kò tilẹ̀ gba ìwé kankan rí. Àbúrò mi, tí ó rò pé méjì ni òun ní, wá rí i pé ìlú mẹ́ta ni ó ni òun.

Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ yọ ọmọ bàbá wa kan tí ó jẹ́ aṣọ́bodè kúrò. Mo ní rárá. Ìlànà tí àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà ń lò láti oṣù kẹfà ọdún 2017 kò sọ pé jíjẹ́ ọmọ ìlú méjì nìkan ba nǹkan jẹ́, àní níní páásì kejì pàápàá. Ohun tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kí ènìyàn fi í pamọ́, tàbí kí ó fi páásì Bẹ̀nẹ̀ wọ Amẹ́ríkà dípò tiwọn. Ní ti ẹbí, wọ́n ń wo bí ìlú náà ṣe rí sí Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí ẹbí náà ń ṣe, àti bóyá ẹnikẹ́ni lè tipasẹ̀ rẹ̀ fi ọwọ́ líle mú un. Aṣọ́bodè kan ní Bẹ̀nẹ̀ kò dà bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe ọlọ́pàá inú fún ìjọba tí ó kórìíra Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fúnra wọn rí i pé ó fi arákùnrin rẹ̀ pamọ́, irọ́ náà ni wọn yóò gbá mú, kì í ṣe arákùnrin.

Mo rò pé ó yẹ kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí òfin ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ń fún ní ìwé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ mọ èyí pẹ̀lú: ẹni tí ó bá ti ní àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ nígbà tí ó bá kọ̀wé béèrè ìwé náà.

Ó kọ orúkọ aṣọ́bodè wa sílẹ̀, ó sì kọ owó tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wa lóṣooṣù. Ilẹ̀ bàbá wa ni ó kù, nítorí fọ́ọ̀mù ń béèrè ohun ìní òkèèrè àti iye tí ó tó. Mo ní kí ó kọ ọ́ bí ó ṣe rí, pé ilẹ̀ ẹbí ni, a kò tíì pín in.