Ta Ni Wàsíù?

Sátidé, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀.

Orí ń fọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ọtí ò kan ẹnu mi. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, àti oorun wákàtí méjì.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, àwa bíi mẹ́jọ la ṣẹ́kù sí mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn hóstẹ́lì. Bùrọ̀dá Wàsíù ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Èmi ni ládàánì ọ̀sẹ̀ yìí, àmírù wa, olórí àwa ọmọ mọ́ṣáláṣí náà, sì rán mi létí nígbà mẹ́ta pé àsùbáà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ní kò séwu. Mo délé, mo fi jálámíà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wọ jíìnsì, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́mu.

Àwọn Kegites, ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu àwa akẹ́kọ̀ọ́, ní gyration, ìyẹn àríyá orin àti ẹmu wọn. Ẹgbẹ́ yìí ti wà láti 1962, ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tiwa l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ sì ń ṣe é bí ẹni pé àná ni wọ́n dá a sílẹ̀. Olóhùn ni wọ́n ń pè mí, torí èmi ni mo ń dá orin. Tí agbè bá dé ọ̀dọ̀ mi, màá gbé e fún ẹni tó kàn. Wọ́n ti gbà pé bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ìrun pípè ló la ohùn yẹn. Mo dá orin títí ọ̀fun mi fi há.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Ọ̀jọ́ rò pé torí Ẹ̀pẹ́ ni LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, kó àwa ẹnjiníà sí, a ti ń sùn lágogo mẹ́jọ. Kí wọ́n wá wo T-Junction lóru Jímọ̀! Ibẹ̀ ni mo bá àwọn ọmọ kíláàsì mi, nílé ọtí màmá kan tí mo bá tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nígbà kan. Wáyà ni orúkọ mi níbẹ̀ látìgbà náà, mọ́ltì mi àkọ́kọ́ sì di ọ̀fẹ́. Ẹja àrọ̀ inú ata wà lórí tábìlì. Ọjà Olúwo ni màmá ti ń ra ẹja, kò jìnnà rárá, àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ iye tó ń tà á, ẹ ó rò pé ọkọ̀ òfúrufú ló gbé e wá.

Ìlú yìí gan-an, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ pe bàbá onílé wa ní ará Ẹ̀pẹ́ lásán, yóò tún un ṣe fún yín: Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni òun, ọmọ àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò l'Ékòó ní 1851, àwọn tó ń ṣe ọdún Kayokayo. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ń bẹ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mọ èwo ni tirẹ̀.

Ó ti ń lọ sí agogo méjìlá nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan nídìí mọ́là onísúyà:

“Àsàlámù àlékùn, Bùrọ̀dá Wàsíù.”

Àmírù. Ó di ọ̀rá súyà mú. Àwọn tábìlì wa dákẹ́.

“Ta ni Wàsíù?” Ẹni tó jókòó tì mí ló bèèrè.

Mo wo ìgò ọwọ́ mi. Dúdú ni ìgò mọ́ltì, dúdú ni ìgò bíà, iná ibẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n yí orúkọ ara ìgò sí i, ojú tì mí, mi ò yí i. Kí ni mo fẹ́ wí? Ṣé kí n máa wí àwíjàre lórí ohun tí ẹnì kankan ò fi sùn mí?

“Ìwọ lo máa pèrun o,” ló sọ. Ó fi súyà méjì lé àwo ẹja wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí. Wáyà ládàánì! Ọ̀kan ní kí n pe díẹ̀ kí àwọn gbọ́. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú eré. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sórí bọ́ọ̀lù.

Lásùbáà, ohùn mi há bíi ti àkùkọ tí òjò pa. Mo pè é bẹ́ẹ̀. Ojú àmírù ò kúrò lórí ẹní, kò sì béèrè nǹkan kan lẹ́yìn ìrun.

Nígbà tí mo tan fóònù mi ní agogo mẹ́wàá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wọlé láti agogo márùn-ún ààbọ̀, látọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì mí: “Wáyà, mo gbọ́ ẹ láti yàrá mi. Lọ mu omi gbígbóná.”