Méjì Nínú Kọ́ọ̀bù Kan

Sátidé, alẹ́

Mi ò ránṣọ kankan lónìí. Ẹ̀yin oníbàárà mi tẹ́ ẹ ń retí aṣọ òde ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo ibí yìí. Látìgbà tí oòrùn ti rọ̀ ni mo ti wà lẹ́yìn ilé tí mo ń lọ́ tòmátì, èékánná mi sì dúdú débi pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan léèsì ẹnikẹ́ni lálẹ́ yìí.

Lọ́ ni mo sọ o. Láàárọ̀ tí mo pe màmá mi l'Óǹdó, mo ní, "Màámi, mo fẹ́ gbin tòmátì mi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "O ti gbìn ín láti oṣù tó kọjá. Èyí tó o fẹ́ ṣe yìí, kó o ṣí i kúrò níbi tó ti hù lọ síbòmíràn, lílọ́ ni." Bàbá mi lọ́ kòkó títí ara wọn fi kọ̀ ọ́, nítorí náà wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré nílé wa. Kóró kòkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti là á, tí wọ́n sì yọ kóró rẹ̀, ọjọ́ mélòó kan péré, bí kò bá dé inú ilẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Ọjọ́ tí bàbá mi bá ti la kòkó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe irúgbìn, àwa ọmọ á máa bu ilẹ̀dú sínú ọ̀rá dúdú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo kórìíra iṣẹ́ yẹn nígbà náà. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi pé màá fi owó ara mi ra ilẹ̀dú lọ́jọ́ kan l'Ákùúrẹ́, màá ní irọ́ ló ń pa.

Ìdí tí mo fi ń ra ilẹ̀ nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ kànga ni mo gbin tòmátì sí, nínú ilẹ̀ lásán. Ó ga dé àyà mi. Ó yọ òdòdó, mo ti ń ka òdòdó náà bí ẹni ń ka owó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo ewé rẹ̀ rọ wọ̀ọ̀ sílẹ̀, láwọ̀ ewé tútù bẹ́ẹ̀, kò pọ́n, kò gbẹ. Mo bomi sí i. Lálẹ́ ó dà bí ẹni pé ó gbádùn díẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó tún rọ, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí gbogbo rẹ̀ ti lọ. Oníbàárà mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì FUTA ló wá gba aṣọ, ó ní kí n gé ìdí ọ̀kan, kí n ki ojú ibi tí mo gé bọ inú kọ́ọ̀bù onígíláàsì tí omi tó mọ́ wà nínú rẹ̀, kí n sì mú un dúró láìmì í. A jọ wò ó. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀ láti ojú gígé náà, tín-ín-rín, gbọnrangandan, àfi bí òwú tó tú kúrò lára kẹ̀kẹ́ òwú. Ó ní kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ni, pé ó ti dí gbogbo ibi tí omi ń gbà gòkè lára igi náà pa, kò sí oògùn tó ń wò ó, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa retí tòmátì mìíràn, tàbí ata, tàbí ìkàn, torí pé mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo wọn.

Mi ò gbin nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo gbà.

Mo ra ilẹ̀dú àpò mẹ́ta lọ́wọ́ bàbá kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Mo bomi wọ́n ọn díẹ̀, mo bù ú sínú àbọ̀ dúrọ́ọ̀mù, mo dáná igi sí i nídìí títí oru fi ń yọ lára rẹ̀ fún bí ìlàjì wákàtí, kí ohunkóhun tó bá sápamọ́ sínú rẹ̀ lè kú. Gbogbo àdúgbò rò pé ọṣẹ ni mò ń sè. Ìwọ̀n méjì ilẹ̀dú, ìwọ̀n kan yanrìn, ìwọ̀n kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pé oṣù mẹ́ta nínú àpò. Ẹ má bu ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí i o. Ó máa ń jó gbòǹgbò bí iná áyọ́ọ̀nù ṣe ń jó aṣọ sílíìkì, kò sì sí ẹni tó máa ń rí i títí tí ewé á fi yí padà.

Ní ti àwọn kọ́ọ̀bù. Oṣù kan sẹ́yìn ni mo gbin kóró sínú kọ́ọ̀bù yógọ́ọ̀tì méjìlá, lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n fi méjì-méjì sí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìn ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìdajì kò hù, àwọn tó hù náà, ọrùn wọn tín-ín-rín níbi tí wọ́n ti kan ilẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì. Omi àpọ̀jù ló fà á, èmi gan-an ló sì ń bu omi náà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bí ìyá àbíkú. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò bomi àfi tí mo bá ki ìka bọ ilẹ̀ tí kò tutù mọ́. Wọ́n hù bí ẹni bínú. Àwọn kan gbé èèpo kóró wọn sórí bí fìlà, ó gbà wọ́n ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó ṣí i. Kọ́ọ̀bù kan kò hù rárá, mẹ́ta hu ẹyọ kan, mẹ́jọ hu méjì-méjì.

Mẹ́jọ hu méjì-méjì, mo sì ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mọ́kànlá péré.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Méjì kò lè gbé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n á jọ máa jà sí omi, méjèèjì á rù. Ẹni tó bá fẹ́ fà wọ́n ya, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra, èyí tó fà á ya ni yóò já ìdí èkejì. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n gé èyí tó kéré nídìí, kí wọ́n fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì kékeré tí mo fi ń gé òwú. Mo jókòó lórí àpótí. Mo ń wo kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́.

Ó jọ pé kò yẹ kí n máa ṣe é níṣojú ẹni tó wá bá mi. Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá kejì wá ká aṣọ, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀lé e.

"Àǹtí Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ tún ń gé lẹ́yìnkùlé?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n rọra gba aṣọ wọn mọ́ra. "Hẹn-ẹn. Méjì ló hù, ẹ wá fẹ́ gé ọ̀kan." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má jìnnà, wọ́n wọlé lọ.

Àwọn ọmọ kò lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n, Táyé ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin.

"Èwo ló kọ́kọ́ jáde?" Táyé ló bi mí.

"Mi ò mọ̀. Mo ti sùn."

"Tó bá jẹ́ pé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gé yẹn ló kọ́kọ́ jáde ńkọ́?"

"Èyí tó tín-ín-rín ni mò ń gé, Táyé. Kì í ṣe èyí tó jáde kẹ́yìn."

Kẹ́hìndé, tí apá rẹ̀ kò ju ìdajì apá ẹnìkejì rẹ̀ lọ, kò sọ nǹkan kan. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ká ní mo lè gbé e mì ni.

Mo gé e ṣá. Mẹ́jọ. Kì í dún rárá, òwú máa ń dún jù ú lọ. Èyí tí mo gé á kàn fẹ̀gbẹ́ lé èkejì bí ẹni tó sùn lé èèyàn léjìká nínú mọ́tò, mo wá ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń tò wọ́n sórí bébà. Òórùn ewé tòmátì gba gbogbo ibẹ̀, òórùn kíkan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó sì máa ń pa ìka láró bíi kòríko bíi ìyeyè. Kẹ́hìndé ní, "Ṣé wọ́n ti kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé òun lè mú wọn. Mo ní kó máa kó wọn lọ.

Ìyókù yára. Mo da kọ́ọ̀bù dé, mo fi ìka méjì há igi náà, mo jẹ́ kí ilẹ̀ àti gbòǹgbò jọ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Igi ni wọn kì í fún, bí ewé bá ya òmíràn á yọ, bí igi bá fọ́ ó parí. Mo ri tòmátì mọ́lẹ̀ jìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ewé ìsàlẹ̀, torí pé ibi tí ilẹ̀ bá ti bo igi tòmátì ni gbòǹgbò tuntun á ti yọ. Ata rodo kò rí bẹ́ẹ̀ ní tèmi, ibi tó wà nínú kọ́ọ̀bù náà ni mo máa ń fi í sí. Mo bomi sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ta nẹ́ẹ̀tì dúdú bò wọ́n.

Nẹ́ẹ̀tì dúdú náà ló pe Bàbá onílé. Wọ́n dúró sójú ọ̀nà, wọn ò súnmọ́ ọn.

"Màdáámù, kí lẹ gbìn sábẹ́ nǹkan dúdú yìí? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá kó gbogbo wa o."

Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan kó tó yé mi pé igbó tí wọ́n ń mu ni wọ́n ń rò. Mi ò bínú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà. Ọdọọdún ni à ń gbọ́ pé NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti wọ inú ijù kan, wọ́n ti gé oko igbó, wọ́n ti dáná sun ún. Kódà ní 2019, olóògbé Gómìnà Akérédolú àti ọ̀gá NDLEA ìgbà náà jọ lọ sí orílẹ̀-èdè Thailand torí igbó tí wọ́n ń fi ṣe oògùn, èèyàn sì jiyàn nípa rẹ̀ ní gbogbo ọjà. Òfin kò yí padà fún ẹni tó bá gbìn ín sẹ́yìn ilé. Mo já ewé kan, mo fi han Bàbá: ewé igbó, ojú kan ni gbogbo ìka rẹ̀ ti ń yọ, bí ọwọ́ tí wọ́n tẹ́; ti tòmátì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kan ni wọ́n tò sí. Mo rún un, mo ní kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀. "Tòmátì ni lóòótọ́. Ẹ máa fún wa nínú rẹ̀ o, ẹ rántí pé ilẹ̀ mi ni." Ilẹ̀ wọn kọ́. Ilẹ̀ Ọ̀bà-Ilé ni, tí mo fowó mi rà. Mo ní, "A dúpẹ́, sà."

Sọ́ńdè, ọ̀sán

Gbogbo wọn ti rọ. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ká nẹ́ẹ̀tì sókè, mo rí ewé mọ́kànlá tó so kọ́, ọkàn mi sì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mo gbé kẹ́tùlù omi. Mo ki ìka bọ ilẹ̀: ó tutù. Mo gbé kẹ́tùlù padà. Wọ́n kàn ń ṣàìsàn ìṣípòpadà ni, gbòǹgbò tó já nínú ìrìnàjò kò tíì lè fa omi tó ewé nílò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì jáde wò wọ́n nígbà mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú.

Màmá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, kí n lọ rán aṣọ oníbàárà.

Wẹ́sìdé

Mẹ́wàá ti nàró. Ọ̀kan kú, ìrẹ̀ ló gé e nídìí lóru, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó dá hù. Ẹ wo ìyẹn ná. Mo ti gé páálí bí ọrùn ẹ̀wù sí ìdí àwọn tó kù, mo ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀.

Mo ra tòmátì l'Ọ́jà Ọba lónìí, mo sì sanwó tí mi ò fẹ́ kọ síbí. Ìyá tó tà á ní ọ̀nà òkè Ọya ló le. Mo rántí 2016 tí ìdin kékeré tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run lókè Ọya, débi pé ìjọba Kàdúná kéde pàjáwìrì torí tòmátì. Ata àti epo la fi jẹ ìrẹsì lọ́dún yẹn.

Sọ́ńdè kejì

Kẹ́hìndé kan ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí n tó jẹun àárọ̀. Ó di àbọ̀ ìgò oníke mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omi rẹ̀ ti ń dà sí i lára. Mo rò pé omi mímu ló wá bù.

"Àǹtí, ó ti yọ òwú."

Mo gbà á, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Nínú àwọn mẹ́jọ tó kó lọ, méje ti jẹrà, ó ti dà wọ́n nù. Ọ̀kan tó kù yìí, ìdí rẹ̀ wú róbótó-róbótó, láti ara wíwú náà ni irun funfun mẹ́rin ti yọ, tín-ín-rín, ó rọ̀ sísàlẹ̀ nínú omi. Èmi tí mo ri igi mọ́kànlá mọ́lẹ̀ jìn torí pé igi tòmátì máa ń ta gbòǹgbò, tí mo tún dúró tí mo sọ fún ọmọ yìí pé wọ́n ti kú.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọ̀kan kú nínú rẹ̀ ṣì ṣófo. Mo ní kó jẹ́ ká lọ lọ́ ọ síbẹ̀. Ó ní rárá, òun fẹ́ kí ó ní tiẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà àwọn. Mo jẹun tán, mo lọ bá akunlé tó ń kun ilé tuntun níwájú wa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dà sì wà ní ìdajì rẹ̀. Ó ní kí n padà wá ní Túsìdé.