Ọdún Tí Mo Di Aláṣọ: Àyẹ̀wò 2025

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ṣé n kò ní kọ ti ọdún yìí ni, ẹ má bínú, mo ń wá ibi tí màá ti mú un ni. Lọ́dún tó kọjá mo ka iye kọ́sítọ́mà, mo ka iye ìgbà tí onílé halẹ̀ mọ́ mi, mo tilẹ̀ ka iye ìgbà tí mo búra pé mo máa fi iṣẹ́ olóṣó yìí sílẹ̀ (mọ́kànlá). Ọdún yìí, n kò ka nǹkan kan. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì, mo lè fi Kùránì búra pé wọn ò gbé oṣù kejì dé Tánkẹ̀ ní Ìlọrin níbí rárá. Oṣù karùn-ún nìkan ni mo rántí, nínú oṣù ọ̀hún náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni.

Ẹ mọ Bàbá, oníkẹ̀kẹ́ mi. Òun lẹ máa ń béèrè, ẹ kì í béèrè èmi. "Ààfáà Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?" "Kí ni Bàbá sọ nípa oní-fìlà pupa?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ná.

Mo ti sọ ọ́ níbí tó ìgbà mẹ́wàá pé ọkùnrin tó bá gbé mọ́tò wá ti dárúkọ ara rẹ̀ kó tó la ẹnu. Nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. O yọjú lójú wíńdò, o yà á ní fọ́tò, o fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ, ó tán. Bó bá ya wèrè, ẹnì kan mọ mọ́tò tó gbé wèrè wá. Ẹni tó wọ mọ́tò èrò ńkọ́? Ó sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ọ̀fà, ó rìn wọ àárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ó di ọ̀kan lára àwọn tó ń ná búrẹ́dì. Kí lo fẹ́ yà ní fọ́tò? Bàtà?

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yìí ló sì kún ọwọ́ mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023, tí ààrẹ tuntun ti dúró níbi ìbúra tó ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ, làwọn ọlọ́kọ̀ mi ti ń sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lítà epo tí kò pé ₦200 ti kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí. Àlùhájì tó máa ń gbé jíìpù wá láti Ọ̀fà, ẹ rántí rẹ̀, oní-lọ́fíndà, mọ́tò èrò ló ń wọ̀ báyìí, wọ́n á fún un pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin tó ń ru ewédú bọ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, orúnkún rẹ̀ ni mò ń fi òróró pa. N kì í gba owó ìyẹn. Bóyá ó yẹ kí n máa gbà á.

Ẹlẹ́sẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Kó san ìdajì owó láti báńkì kó tó wọ mọ́tò, kì í ṣe nítorí owó nìkan, nítorí álẹ́ẹ̀tì ni: orúkọ tó bá jáde níbẹ̀ lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, "Rich Boy" tó ń pe ara rẹ̀ kò sí ní báńkì kankan. Kó dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Báàgì rẹ̀, iwájú ilé-ìdáná ni yóò gbé e kalẹ̀ sí, kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Kó sì mọ aago tí mọ́tò ìkẹyìn ìlú rẹ̀ ń kúrò, nítorí ọkùnrin tí mọ́tò bá já sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ kì í ṣe kọ́sítọ́mà mọ́, àlejò ni. Àlejò á béèrè oúnjẹ alẹ́. Àlejò á béèrè fóònù rẹ kó fi pe ìyàwó rẹ̀. Rọ́bà kò sí lára ohun tí à ń bá ẹnikẹ́ni jíròrò, ìbáà fẹsẹ̀ rìn wá láti Mẹ́kà.

Gbogbo òfin wọ̀nyí, èmi ni mo ṣe é. Ojú ni kò sí nínú rẹ̀. Bàbá lojú.

Bàbá á dúró ní gáréèjì bí gbogbo oníkẹ̀kẹ́. Màá ti sọ fún un pé ẹnì kan ń bọ̀ láti Ajàṣẹ́, aṣọ tó wọ̀ rèé. Òun ni yóò pè é bí ẹni ń pe èrò. Kó tó gbé e dé Tánkẹ̀, ó ti wò ó nínú dígí, ó ti bi í léèrè nípa ojú ọ̀nà, ó ti gbọ́ bó ṣe ń dáhùn fóònù. Yóò wá pè mí. Bó bá ní, "Ẹrù yín gbẹ," mo ṣí ilẹ̀kùn. Bó bá ní, "Ẹrù yìí ti rin o," mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kẹ̀kẹ́ á sì "bàjẹ́" sójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan ló ṣàlàyé fún mi ìdí tó fi já ẹnì kan sílẹ̀ ní Típà Gáréèjì: "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ń bá yín gbélé. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà kì í béèrè ẹni tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Kò wọ yàrá mi rí láti ọdún mẹ́fà. Omi inú ọ̀rá nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ mi. Kò wàásù fún mi rí, àfi ọjọ́ kan tí mo bi í pé ṣé ohun tí à ń ṣe yìí kò bà á lẹ́rù ni. Ó ní, "Ọlọ́run ló mọ ẹni tó máa wọ àlùjánnà. Èmi mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ ilé yín." Ó tan kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ní oṣù karùn-ún, tíṣà Ọ̀fà ló ń bọ̀, ẹni tó máa ń gbé ìwé ìdánwò àwọn ọmọ dání tó ń máàkì í lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Aago mọ́kànlá ló sọ̀. Mo pe Bàbá, kò gbé e. Mo pè é títí tó fi sú mi. Mo wá fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. N kò ní tàn yín, kò ṣe é gbọ́ létí. Mo ní àgbà kì í ba iṣẹ́ jẹ́ báyìí. Mo ní bó bá ti rí ẹlòmíràn tó ń bá gbé ẹrù, kó wí.

Ó tó aago kan kí tíṣà tó dé, ó làágùn bí ẹni tó rokọ, bàtà rẹ̀ pọ́n fún eruku. Ó ní ẹsẹ̀ lòun fi rìn èyí tó pọ̀ jù, kò sí kẹ̀kẹ́ ní gáréèjì. "Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ló kú lẹ́yìn ìrun Sùbúì. Gbogbo wọn ti tẹ̀ lé òkú lọ." Ó gba omi, ó mu ún tán. "Ààfáà kan báyìí."

Ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Àmì méjì, aláwọ̀ eérú. Kò di búlúù.

Tíṣà ní kí n dá owó òun padà. Mo dá a padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé Ìlọrin. Àwọn tó ń pè mí ní ahun, ẹ̀rí rèé.

Mo lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo fi híjáàbù bo ara débi pé èmi gan-an kò bá dá ara mi mọ̀. Gbèsè ₦1,500 tí mo jẹ ẹ́, ẹrù mẹ́ta, mo fi sínú sàráà. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹbí ìyá tàbí ti bàbá?" Ẹnu mi ló sọ ọ́: "Kọ́sítọ́mà Bàbá ni mí." Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọ́kọ́ bọ́ sórí èmi.

Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mélòó kan lọ. Ẹ̀yin ẹ rántí wọn fún mi. Ohun kan ṣoṣo tó wọlé sí mi lórí láti inú wọn ni ti ará Òrò tó ní òun ń bọ̀ ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ òun. Mo fi ₦4,000 ránṣẹ́ sí i. Ẹ kà á dáadáa: èmi, olóṣó, ni mo fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin, ó sì jẹ ẹ́, ó bulọ́ọ̀kù mi. Gbogbo owó ọkọ̀ tí àwọn ọmọge Nàìjíríà ti jẹ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, èmi ni wọ́n fi gbẹ̀san lára. Bí Bàbá bá wà, yóò ti rẹ́rìn-ín títí táyà á fi jò.

Oṣù kẹwàá ni ìyàwó rẹ̀ wá. Ó ti parí opó rẹ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó wọ aṣọ funfun, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò ní pẹ́. Ìwé iléèwé kan ló mú jáde nínú ọ̀rá, irú olójú-ewé ọgọ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ la ti rí i. Ó máa ń wí fún wa pé ti oníṣòwò Tánkẹ̀ ni."

Mo ṣí i. Ànjẹ̀mí ni gbogbo rẹ̀, Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, ìlà lórí ìlà, láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, bírò búlúù, bírò pupa níbi tí búlúù ti tán. N kò mọ̀ pé ó ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà.

Ìyá ní, "Ẹrù yín pọ̀ o."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Aṣọ ni mò ń tà."

"Ó sọ fún wa pé aṣọ ni." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mo kéwú díẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọmọge. Mo kàn rí i pé àwọn tó ń ra aṣọ yín, ọkùnrin ni gbogbo wọn."

Ẹ̀yin ará, ẹ̀fọn kan ń fò nínú pálọ̀ yẹn, mo lè júwe ìyẹ́ rẹ̀ fún yín.

Òun náà ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti bọ́ nínú opó, òun ń fẹ́ àńkárá méjì, kí ọ̀kan ní ewé nínú, kí n bá òun mú un wá bí mo bá ti rí èyí tó dáa, òun á san án díẹ̀díẹ̀. Ló bá dìde. Kò mu omi.

Bí mo ṣe di aláṣọ nìyẹn. Ọjọ́ kejì mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ra àńkárá méjì, mo gbé e lọ fún un, mo sì dárúkọ iye tó kéré sí iye tí mo rà á. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ò mọ ọjà tà." Ó ti san ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ti mú àbúrò rẹ̀ kan wá tó fẹ́ léèsì. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, òwò aṣọ á jẹ mí ní gbèsè kó tó di oṣù kẹta.

Ìwé náà ńkọ́? Ta ni màá gbé e fún kó bá mi kà á? Ààfáà wo? Kéwú tí mo kà kí n tó pé ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń tú u, lálaalẹ́, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e bí ọmọdé. Fí, là. Fìlà. Ó gbà mí ní ìdajì wákàtí kí n tó mọ̀ pé "fìlà dúdú, àpò ìrẹsì, ó ń tahùn sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kò dáa" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni yẹn, mo rántí ọjọ́ náà. Mo bínú sí Bàbá pé ó lé owó dà nù. Níbi tí wọ́n kọ "lọ́fíndà" sí, ẹ mọ ẹni tó jẹ́. Mo ti ka ojú ewé mẹ́sàn-án. N kò yára. N kò fẹ́ kó tán.

Oṣù kọkànlá wá dé pẹ̀lú tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, wọ́n kó àwọn tó ń jọ́sìn lọ. A dúpẹ́ pé àwọn tí wọ́n kó padà wálé lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n ti ilé-ìwé pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan lápá ibẹ̀. Láti ìgbà yẹn, àwọn awakọ̀ tó ń ná apá Òmù-Àrán tí mo mọ̀ kì í fẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ bá wọn lójú ọ̀nà mọ́. Mọ́tò ìkẹyìn tó ń kúrò ní aago mẹ́fà ti di ti aago mẹ́rin. Kọ́sítọ́mà á dé ní aago méjì, ojú rẹ̀ á wà lára ògiri, ibi tí aago wà. Ọ̀kan bọ́ ṣòkòtò, ó gbọ́ pé mọ́tò ti ń kún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó ní kí n jẹ́ kí ó di ọdún tuntun. N kò bá a jà. Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn kì í ṣe ohun àwàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fi ṣe é.

Ọmọ Bàbá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló ń gun kẹ̀kẹ́ náà báyìí. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Bàbá máa ń bá yín gbé ẹrù ní gáréèjì. Mo wà níbẹ̀ o." Mo ní ẹrù kò sí. Ó ní kò burú, bó bá wà, òun wà. Ojú ọmọ yẹn kò tíì gbó tó láti wo èèyàn nínú dígí, bó bá sì gbó, n kò fẹ́ kó jẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ti gbó. Àńkárá ìyá rẹ̀ nìkan ni mo ní kó wá gbé.

Nítorí náà, èmi fúnra mi ni mò ń lọ sí gáréèjì. Màá jókòó lọ́dọ̀ ìyá oní-wàrà, màá máa wo àwọn tó ń sọ̀. Mo ra ìwé tuntun, olójú-ewé ọgọ́ta, lẹ́tà òyìnbó ni mo fi ń kọ tèmi. Ìlà mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀. Méjì nínú wọn, mo rí wọn, mo dìde, mo padà sílé, mo pa fóònù.

Ọ̀kan ń bọ̀ lónìí, 31, láti Ajàṣẹ́. Àlejò tuntun ni, orúkọ tó jáde ní báńkì bá èyí tó sọ mu. Ibi tí mo ti ń kọ èyí sí yín ni mo ti ń dúró dè é, wàrà méjì wà nínú mi, ọyẹ́ ń gé mi létè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè báyìí. Ó ní mọ́tò kò tíì gbéra, ó ku èrò kan. Mo ní kó san owó èrò kan yẹn kún un kí wọ́n máa bọ̀. Ó ní ṣé mo rò pé òun ni Dangote ni.

Ó gbẹ, àbí? Mo rò pé ó gbẹ.