Ewúrẹ́ Tó Ṣubú Sáàárín Ẹgbẹ́ Onílé

"Fóònù yìí ti ya wèrè." Ohun tí Bàbá Akọ̀wé kọ́kọ́ sọ nìyẹn bí wọ́n ṣe gbé e lé orí tábìlì. Kò sí ẹni tó gbé fóònù wá sọ́dọ̀ àwa tí à ń tún un ṣe tí kì í kọ́kọ́ fi wèrè kàn án. Ojú fóònù ò fọ́, bátìrì ò wú, omi ò wọ̀ ọ́. Wèrè tó wà níbẹ̀ ò ju ìka kan lọ, ìka náà sì ń bẹ lọ́wọ́ bàbá fúnra wọn.

Ewúrẹ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Fídíò kan ni, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 22 lọ. Ewúrẹ́ bíi mẹ́fà ń jẹko jẹ́jẹ́ nínú ọgbà, ọkùnrin kan yọ́ dé ẹ̀yìn wọn, ó ṣí agboòrùn lójijì, fáà! Ni mẹ́rin nínú wọn bá na ẹsẹ̀ gan-n-gan, wọ́n ṣubú lulẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dojú kọ ojú ọ̀run. Ẹ má rò pé àwọn ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ẹ̀rọ ṣe é. Irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà ni orúkọ wọn ti jáde láti bí ọdún 1880. Àwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n ń dákú, wọn kì í dákú: ojú wọn là kedere, wọ́n sì mọ gbogbo ohun tó ń lọ. Iṣan wọn ló ń gan. Tí ẹ̀rù bá ba ewúrẹ́ tiwa, iṣan á sún kì, á sì dẹ̀ lójú ẹsẹ̀, eré ló kàn. Tiwọn á sún kì, á wá kọ̀, kò ní í dẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Ìyá ń bí i mọ́ ọmọ ni. Àwọn àgbà inú wọn ti gbọ́n, wọ́n á yàkàtà kí wọ́n má bàa ṣubú, tàbí kí wọ́n fara ti ògiri. Àwọn ọmọdé ló ń ṣubú bí igi. Iṣan tó sì ń gan ní gbogbo ìgbà yìí ń mú kí ara wọn ki, wọ́n lẹ́ran dáadáa, ìyẹn làwọn tó ń sìn wọ́n ṣe fẹ́ràn wọn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹran yẹn sọ́kàn.

Bàbá Akọ̀wé ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ta ayò. Òun ni alága àwọn ọlọ́pọ́n ayò àdúgbò, nítorí náà "Alaga" ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí nínú fóònù. Ọ̀rẹ́ yìí fẹ́ fa ọmọ fọ́kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ìnáwó tó ṣe kẹ́yìn, ewúrẹ́ já mọ́ alápatà lọ́wọ́, ó gba abẹ́ kánópì kọjá, ó da ọtí nù sórí aṣọ àwọn àna. Fídíò yìí wá dà bí èsì àdúrà. Ewúrẹ́ tí kò lè sá!

Fídíò náà dé pẹ̀lú ọfà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti àkọlé "Forwarded many times". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti gba ọwọ́ márùn-ún kọjá, ó kéré tán. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, WhatsApp kì í jẹ́ kéèyàn ta irú ìyẹn látaré sí ju ibì kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí kò bá ní ọfà méjì, ibi márùn-ún ni wọ́n gbà. Wọ́n ṣe é kí òfófó má bàa máa ràn bí iná ọyẹ́ ni. Ọta kan ṣoṣo ni Bàbá ní nínú ìbọn, ẹ ó rí ibi tí wọ́n yìn ín sí.

Aago 6:47 àárọ̀ Sátidé ni. Gíláàsì Bàbá wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Èèyàn tí ò fi gíláàsì sójú kì í ka orúkọ lórí WhatsApp, ipò ló ń wò: "ẹni tó wà lókè, tó dé fìlà funfun, ọ̀rẹ́ mi nìyẹn." Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé. WhatsApp kì í to àwọn èèyàn ní A, B, D. Àwọn tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ jù àti àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé sókè. Ẹni tó wà lókè lánàá lè wà nísàlẹ̀ pátápátá lónìí. Láti aago 6:31 ni ọ̀rọ̀ sì ti ń rọ́ wọ gúrúùpù àwọn onílé, níbi tí Bàbá ti jẹ́ akọ̀wé. Bàbá rí nọ́ńbà tó ń gorí ara wọn, wọ́n rò pé owó tiransifọ́mà ni wọ́n tún ń jà lé lórí, wọn ò ṣí i. Orúkọ gúrúùpù náà ni "Alaga ati Awon Onile". Àwòrán tó wà níwájú rẹ̀ ni ti alága ẹgbẹ́, ó dé fìlà funfun.

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ lọ.

Ẹni tó bá ta fídíò látaré sí ibi méjì, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni yóò wà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni, WhatsApp fúnra rẹ̀ á ṣí ibẹ̀ fún un, ó dà bí ìgbà tí onímọ́tò bá gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Ẹnu ọ̀nà àwọn onílé ni Bàbá bá ara wọn. Wọn ò wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, wọ́n sì sọ̀rọ̀: "Alága! Ẹ má dààmú lórí ọ̀rọ̀ ẹran mọ́ rárá. Ewúrẹ́ méjì ni màá fà wá fún ìnáwó yìí, méjì tó lára dáadáa. Ẹ̀yin ẹ ṣáà ti ra agboòrùn sílẹ̀." Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n bí ìka bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn, fóísì nóòtù ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín sínú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ fa ìka sókè kó fi tì í pa, á wá máa gbà á lọ fúnra rẹ̀. Bàbá ò tì í. Ìka fò, ẹ̀rín kù sílé.

Ohun tó wà lókè ewúrẹ́ náà nínú gúrúùpù ni ìkéde pé ìyá alága ẹgbẹ́ papò dà lóru, ẹni ọdún 91.

Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó. "Ikú dóde." "Màmá relé." "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere." Ewúrẹ́ mẹ́rin, ẹsẹ̀ lókè.

Bí fídíò náà bá mọ́lẹ̀ ni, ì bá sàn díẹ̀. Ó ti ṣú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àtaré tí wọ́n ń ta á ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, rárá o, fáìlì kan náà ni WhatsApp ń gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn tó ń bà á jẹ́ ni àwọn tí wọ́n gbé e sí státọ́ọ̀sì, tí ẹlòmíràn wá fi fóònù gba ojú státọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, tó tún gbé e sókè bíi tuntun. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé fídíò sókè bíi tuntun ni WhatsApp ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá fún ẹ̀bà ọjọ́ mẹ́ta mọ́ inú ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ kó mọ́ á tẹ HD kó tó fi ránṣẹ́, tàbí kó gba ojú "Document" gbé e, ibẹ̀ ń gba ohun tó tó 2GB láìfún un pọ̀. Ti Bàbá ti ṣú débi pé ewúrẹ́ dúdú tó gbẹ̀yìn ṣubú jọ ẹni tó wọ agbádá. Màmá kan ní ojúlé kejì kọ̀wé: "Ye! Ta ló ṣubú yẹn? Ṣé Alága ni?" Ẹlòmíràn ní kí wọ́n bu omi sí i lórí. Ẹnì kan ti ń béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ.

Aago 6:52, ìyàwó Bàbá yọjú láti kíṣìnì, fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá Ìbejì, kí lẹ gbé sí gúrúùpù?"

Títí di àsìkò yìí, ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́. Ẹni tó bá fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọjọ́ méjì àti wákàtí 12 láti pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde lọ́dún 2017, ìṣẹ́jú 7 péré ni. Bàbá ní wákàtí 60 gbáko, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n tíì lò níbẹ̀. Wọ́n tẹ fídíò mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan fóísì nóòtù mọ́ ọn, wọ́n tẹ àwòrán garawa ìdalẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ méjì jáde: "Delete for everyone" àti "Delete for me". Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi tẹ "for me", wọ́n wò wá bí ẹni wo ọmọ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́. "Àbí ta ló ṣẹ̀? Ṣé kì í ṣe èmi ni?"

Bí èèyàn bá ṣi "for me" tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan á yọ nísàlẹ̀, "Undo", kò ní í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, nǹkan náà á padà wá, ẹ ó sì lè pa á rẹ́ bó ṣe yẹ. Ìṣẹ́jú àáyá 5 yẹn ni Bàbá fi rìn dé ìdí tẹlifíṣọ̀n lọ mú gíláàsì.

Nígbà tí wọ́n fi gíláàsì sójú, ojú fóònù mọ́ tónítóní. Kò séwúrẹ́ kankan níbẹ̀. Ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn gígùn kan, tí wọ́n fi Orin Dáfídì 90 parí. Lójú àwọn 142 tó kù, abẹ́ ewúrẹ́ ló bọ́ sí. Ẹnì kan kọ̀wé pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ewúrẹ́ yẹn kúrò." Bàbá dá a lóhùn pé, "Ewúrẹ́ wo?" Ẹni yẹn ní, "Èyí tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀." Inú bí Bàbá. Wọ́n ya ojú fóònù wọn ní àwòrán, wọ́n gbé e sínú gúrúùpù, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kí gbogbo ayé wò ó. Ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé fóònù wá.

Ohun tí a lè ṣe ò pọ̀. Ẹni tó ti pa nǹkan rẹ́ lójú fóònù tirẹ̀ kò rí ohun tó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ kó tó pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, wákàtí 60 yẹn ò sì wúlò fún un mọ́. Ọmọ kan lára wa ní ká yọ WhatsApp kúrò, ká tún un gbé sórí fóònù, ká kó àwọn ọ̀rọ̀ tó wà ní ìpamọ́ padà. Ọgbọ́n tó dáa ni, nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n aago méjì òru ni WhatsApp ń kó nǹkan pamọ́ lórí fóònù Android, ewúrẹ́ ò sì tíì bí ara rẹ̀ sí gúrúùpù ní aago méjì òru.

Ọ̀nà tó kù ni adarí gúrúùpù. Láti ọdún 2022, adarí lè pa ohun tí ẹnikẹ́ni gbé síbẹ̀ rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Gúrúùpù Bàbá ní adarí kan ṣoṣo, alága ẹgbẹ́ ni, ó sì wà ní mọ́ṣúárì. (Gúrúùpù tó ní èèyàn 143 àti adarí kan, àfi bí ilé alájà méjì tó ní àtẹ̀gùn kan. Ẹ di orúkọ ẹnì kejì mú, ẹ sọ ọ́ di adarí, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.) A sì ní láti sọ òótọ́ fún Bàbá: kódà bí wọ́n bá pa á rẹ́, àpá rẹ̀ á wà níbẹ̀, pé a pa nǹkan kan rẹ́. Ti àwọn tó ń lo iPhone lè ti wọ inú àwòrán wọn. Èyí tí ẹlòmíràn bá sì ti ta látaré síbòmíràn, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tó o mọ́. A wo státọ́ọ̀sì lójú ẹ̀: àwọn onílé mẹ́ta ti gbé ewúrẹ́ náà síbẹ̀, wákàtí 24 ni yóò fi wà níbẹ̀.

"Alága ńkọ́?" ni Bàbá wí, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Ṣé Alága ti rí i?"

A ní ó ṣeé ṣe kó má tíì rí i. Bí fóònù bá wà lórí dátà, tí olówó rẹ̀ ò bá tún un tò, àwòrán nìkan ni WhatsApp ń gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Fídíò á dúró de ìgbà tó bá rí Wi-Fi tàbí tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́. Mọ́ṣúárì ò ní Wi-Fi. Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín pàápàá, ni ọmọ wa tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ bá ní, "Àfi fóísì nóòtù ṣá o. Ìyẹn ń wọlé ni, kò sí ètò tó ń dí i lọ́nà."

Fóònù dún lórí tábìlì. Fóísì nóòtù ni, láti ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́, nínú gúrúùpù. Bàbá ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́, a bá wọn tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ ṣeun o. Láti àárọ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń kí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ dárúkọ ẹran. Ewúrẹ́ méjì náà, a ti kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ yín ló ṣáájú. Ti agboòrùn yẹn sì ni, ọ̀rọ̀ àgbà lẹ sọ, ìgbà òjò la wà. Mo ti ní kí wọ́n ra méjìlá."

Bàbá wo fóònù títí. Lẹ́yìn náà wọ́n tì í sí ọ̀dọ̀ wa díẹ̀.

"Ti Alága yìí ńkọ́, ǹjẹ́ ẹ lè bá mi pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn?"