Àìrí èsì kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ kò di ṣíṣe

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo wà lára àwọn tí ó ń kọ backend (apá tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, tí oníbàárà kì í rí) fún ìkànnì ìtajà kan, obìnrin oníbàárà kan fi ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí wa pé ọjà kan ṣoṣo ni òun rà, ṣùgbọ́n ₦18,500 ti kúrò nínú àpò owó òun lẹ́ẹ̀mejì. Kò tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo jókòó ti àkọsílẹ̀ àwọn sáfà wa, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ń gba ìbéèrè tí ó sì ń dáhùn, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ní aago 14:02:07, sáfà tí ó gba ìbéèrè rẹ̀ pe DebitWallet, iṣẹ́ tí ó ń yọ owó, lórí sáfà kejì tí ó ń tọ́jú owó, pẹ̀lú àṣẹ pé kí ó má ṣe dúró de èsì ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ. Sáfà kejì gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ti ti ìlà tí owó obìnrin náà wà nínú dátábéèsì pa, ó sì ní láti dúró kí ó ṣí. Ní 14:02:10, sáfà àkọ́kọ́ gbà pé ìpè náà ti kùnà, ó sì tún pè. Ní 14:02:11, iṣẹ́ àkọ́kọ́ parí. Ní 14:02:12, ìkejì náà parí. Kò sí àṣìṣe kankan nínú àkọsílẹ̀ sáfà kejì: iṣẹ́ méjì ni wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì ṣe méjèèjì.

Bí a bá rán ọmọ lọ ra epo, tí ilẹ̀ sì ṣú tí kò tíì dé, a kò lè fi ìyẹn mọ̀ bóyá kò débẹ̀ rárá, tàbí ó ti ra epo tí ó sì wà lójú ọ̀nà, tàbí ẹni tí ó ń tà á ni ó dá a dúró. Bí a bá wá fi owó mìíràn rán àbúrò rẹ̀, ìgò epo méjì lè wọlé. Andrew Birrell àti Bruce Nelson, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Xerox PARC ní California, kò fi èyí pamọ́ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984 lórí RPC, ìyẹn ọ̀nà tí ètò orí kọ̀ǹpútà kan ń gbà pe iṣẹ́ tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni pé inú ilé tirẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà. Wọ́n ṣàlàyé pé bí èsì bá dé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni iṣẹ́ náà di ṣíṣe. Bí èsì kò bá dé, ó lè ti di ṣíṣe lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè má di ṣíṣe rárá, ẹni tí ó pè kò sì ní mọ èwo ni. Wọ́n tilẹ̀ fi nọ́ḿbà ìdámọ̀ sára ìpè kọ̀ọ̀kan, kí sáfà lè dá ìpè tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ mọ̀ bí ó bá tún padà wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé a rò pé irú ààbò bẹ́ẹ̀ bo àtúnpè tí àwa fúnra wa kọ. Kò bò ó. Ìpè tuntun ni gbogbo ìpè tí kóòdù wa bá tún pè, nọ́ḿbà tuntun ni ó sì ń gbà.

Nítorí náà, a ní láti fi nọ́ḿbà tiwa sí i láti òkè, níbi tí oníbàárà ti pinnu láti sanwó. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, a ṣe é sódì: inú fọ́ńṣọ̀nù àtúnpè gan-an ni a ti ń ṣẹ̀dá nọ́ḿbà náà, tí ó fi jẹ́ pé ìpè kọ̀ọ̀kan ń gbé tirẹ̀ lọ. Ní báyìí, ojú ewé ìsanwó ni ó ń bí nọ́ḿbà náà, ìpè yòówù kí a tún pè, òun kan náà ni yóò gbé. Sáfà owó ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú transaction (àkópọ̀ iṣẹ́ tí ó ń di ṣíṣe pátápátá tàbí kí ó má di ṣíṣe rárá) kan náà tí ó fi yọ owó, nítorí pé bí a bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, tí iná sì lọ láàárín wọn, a ti padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ḿbà náà bá tún dé, èsì àkọ́kọ́ ni sáfà yóò dá padà, kò ní fọwọ́ kan owó.

Gbèdéke àkókò náà ṣe pàtàkì. gRPC, irinṣẹ́ RPC tí Google gbé síta fún gbogbo ayé ní 2015, kì í fi gbèdéke kankan sí ìpè bí ẹni tí ó kọ kóòdù kò bá fi sí i, nítorí náà ìpè lè dúró títí. Bí a bá fún ìbéèrè ní ìṣẹ́jú àáyá 3, tí sáfà àkọ́kọ́ sì ti lo 2, 1 tí ó kù ni kí ó fún sáfà tí ó tẹ̀ lé e. Kì í sì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni a ń tún pè fún: UNAVAILABLE (sáfà kò sí ní àrọ́wọ́tó) yẹ fún àtúnpè, ṣùgbọ́n INVALID_ARGUMENT (ohun tí a fi ránṣẹ́ kò tọ́) yóò gba ìdáhùn kan náà títí di ọ̀la.

A dá owó obìnrin náà padà, a sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìdánwò kan tí ó ń jẹ́ kí sáfà ṣe iṣẹ́ tán, kí ó sì da èsì nù kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì fi í dán gbogbo ìpè tí ó kan owó wò. DebitWallet yege. Èyí tí ó kọ́kọ́ kùnà ni fọ́ńṣọ̀nù tí a fi ń dá owó padà.