Iye tí a san àti iye ìgbà tí ọkọ̀ wá

Ọdún kẹta rèé tí mo ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní ìhà Agége nílùú Èkó, ipò tí ẹnikẹ́ni kì í bá ẹlòmíràn dù. Nínú gbogbo owó tó ń gba ọwọ́ mi kọjá, ìbáà ṣe ti ọlọ́dẹ, ti iná ojú pópó tàbí ti gọ́tà, kò sí èyí tó ń fa àríyànjiyàn tó owó ìdọ̀tí. Ní ìpàdé kan láìpẹ́ yìí, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba dìde, ó ní kí ìjọba gba iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí padà lọ́wọ́ àwọn PSP, ìyẹn àwọn oníṣòwò àdáni tí ìjọba pín àdúgbò fún láti máa kó ìdọ̀tí, nítorí pé oníṣòwò kì í ṣiṣẹ́ kó má jèrè, èrè ọ̀hún ló sì ń wú bíllì wa. Kò tíì jókòó tán tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkóríta fi dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà, ìjọba wo? Ṣé èyí tí ẹ bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ni àbí èyí tí a ní báyìí?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè náà bá mi délé.

Ohun tí mo ní lọ́wọ́ láti fi dáhùn rẹ̀ kò ju ìwé pélébé kan lọ. Mo ti sọ fún ọlọ́dẹ wa pé kó máa fa ìlà kan sínú rẹ̀ nígbàkigbà tí ọkọ̀ ìdọ̀tí bá wọ àdúgbò, kó sì kọ ọjọ́ tó wọlé síwájú ìlà náà. Nínú ọ̀sẹ̀ 13, níbi tí àdéhùn ti jẹ́ pé kí ọkọ̀ máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìlà 6 ni mo kà. Bíllì ní tirẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mẹta, kò pẹ́, kò sì dín. Ẹni tó bá san owó kóńgò 13 tí wọ́n sì wọn 6 fún un kò ní sọ pé iye tí wọ́n pè é lọ́jà ni òun ra gàrí. Nígbà tí mo pín owó tí a san sí iye ìgbà tí ọkọ̀ wá, ìkólọ ẹ̀ẹ̀kan ti ju ìlọ́po méjì iye tí ó yẹ kó jẹ́, láìtíì ka owó tí àwọn ará ilé ń san fún ọlọ́mọlanke láàárín. Ìyá tó ń se oúnjẹ tà lẹ́nu ọ̀nà wa ni mo kọ́kọ́ bi léèrè, nítorí pé èèpo iṣu àti ewé tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó tó rà. Ó ní kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ kò wá tí òun kò san owó ọmọlanke ẹ̀ẹ̀mejì, bíllì PSP kò sì yọ òun sílẹ̀ nínú oṣù náà.

Èyí ló jẹ́ kí ń máa ṣọ́ra nígbà tí mo bá gbọ́ pé ti ìjọba wọ́n tàbí pé ti àdáni ló wọ́n. Nígbà tí ìjọba bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìdọ̀tí, kò sí ibi kan ṣoṣo tí owó náà péjọ sí. Owó oṣù awakọ̀ wà nínú ìwé kan, owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ wà nínú òmíràn, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn pátápátá, ọkọ̀ tó sì ti kú sínú ọgbà láti ọdún méjì kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ará ìlú tí kò rí bíllì rò pé ọ̀fẹ́ ni. Oníṣòwò ní tirẹ̀ kò lè fi ohunkóhun pamọ́ sí ibòmíràn, nítorí pé owó tó yá ní báǹkì láti fi ra ọkọ̀, èlé rẹ̀, táyà àti dísẹ̀lì gbọ́dọ̀ jáde lára àwa oníbàárà. Síbẹ̀, iye tirẹ̀ náà kò pé, torí pé kì í ṣe òun ló ni ààtàn tó ń da ìdọ̀tí sí, kì í ṣe òun ló ń gbálẹ̀ títì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló ń san owó oṣù àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ òun. Bí a bá gbé ìwé méjèèjì síra báyìí, iṣu àti ẹ̀gẹ́ la gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Kì í ṣe òní ni Èkó ti ń gbé iṣẹ́ yìí láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Àwọn àgbàlagbà ṣì rántí wolé-wolé tó máa ń yọjú sínú ìkòkò omi láti wá tanwíji, tí ìyá ìyá mi sì máa ń tìtorí rẹ̀ da omi tó mọ́ nù kó má baà sí wàhálà. Ní 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún kíkó ìdọ̀tí àti dídà á nù, ní 1991 ni ó sì di LAWMA, orúkọ tí àjọ náà ń jẹ́ títí di òní. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ ọ́ kedere nínú Àfikún Kẹrin pé ìjọba ìbílẹ̀ ni kíkó ìdọ̀tí dànù wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì rí ẹni tó lọ sí kánsù lọ béèrè ọkọ̀ ìdọ̀tí tó sì rí i gbà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni PSP bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fẹ ètò náà lójú gan-an lẹ́yìn 2000: oníṣòwò á mú ọkọ̀ tirẹ̀ wá, wọn á sì pín agbègbè fún un.

Ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ gbóná. Ìjọba Akínwùnmí Ambode ṣe òfin tuntun lórí àyíká, wọ́n sì gbé iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí inú ilé kúrò lọ́wọ́ àwọn PSP, tí iye wọn ju 300 lọ, fún iléeṣẹ́ àdáni ńlá kan. Ti iléeṣẹ́ àti ọjà ni wọ́n ní kí àwọn PSP gbájú mọ́. Àwọn PSP kò gbà, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, ìdọ̀tí sì gòkè bí òkìtì ọ̀gán láti ìkóríta dé ìkóríta. Ní oṣù kẹta 2018, iná sọ ní ààtàn Olúsosùn ní Ọjọ́ta, ibi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí láti 1992, èéfín sì bo àwọn ará àdúgbò náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tó yá, àwọn PSP padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe ìtàn yìí ní ìjà ìjọba àti oníṣòwò, èmi kò sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé oníṣòwò ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, oníṣòwò náà ni wọ́n sì gbé e fún. Ohun tó yí padà kò ju pé tẹ́lẹ̀ rí, bí ọkọ̀ ẹnì kan bá bàjẹ́, àdúgbò tirẹ̀ nìkan ni yóò rùn. Nígbà tó di iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo Èkó ló pín nínú ìṣòro rẹ̀.

Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó gbìyànjú ohun tí a kò tíì gbìyànjú níbí. Ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, òṣìṣẹ́ ìlú ló ń kó ìdọ̀tí ilé títí di ìparí àwọn ọdún 1970. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í há, ìgbìmọ̀ ìlú náà ní kí àwọn oníṣòwò wá sọ iye tí wọ́n máa gbà láti kó ti àwọn agbègbè kan, ṣùgbọ́n wọn kò lé òṣìṣẹ́ tiwọn dànù. Wọ́n ní kí ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣe iṣẹ́ náà kọ iye tirẹ̀ sínú àpò ìwé kó sì bá àwọn oníṣòwò dupò, aṣàyẹ̀wò ìwé owó ìlú sì ni yóò kọ́kọ́ yẹ ìṣirò wọn wò, kí wọ́n má baà fi owó kan pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kí iye wọn lè dà bíi pé ó kéré. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fìdí rẹmi. Wọ́n tún dupò, wọ́n tún fìdí rẹmi. Ìtìjú yẹn ló mú kí awakọ̀ àti ọ̀gá wọn jókòó ti iṣẹ́ náà, wọ́n tún ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà tò, wọ́n lo ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo lè máa wà, tó ń na apá irin gbé garawa láti ẹ̀gbẹ́, dípò ikọ̀ tó ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní 1984, wọ́n gba iṣẹ́ padà nínú ìdíje gbangba. Ìjọba kan náà ni, òṣìṣẹ́ kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ẹlòmíràn lè gba iṣẹ́ náà ni iye wọn wálẹ̀.

Àwọn onímọ̀ rí irú rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1980: ibi tí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ ìdọ̀tí sílẹ̀ fún ìdíje, owó rẹ̀ ń dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún, kódà níbi tí òṣìṣẹ́ kánsù fúnra wọn ti borí. Nígbà tí àwọn mìíràn kó ọ̀pọ̀ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ní 2010, wọn kò rí i pé ti àdáni ń dínwó níbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má rò pé ti kánsù òyìnbó kì í bàjẹ́. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Birmingham fojú rí i ní 2025, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìdọ̀tí kánsù náà daṣẹ́ sílẹ̀.

Ní tiwa níbí, ètò PSP kò fún mi ní ìdíje kankan gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Ẹni tí wọ́n pín àdúgbò wa fún nìkan ló lè wá, bí kò bá sì wá, n kò lè pe ti òpópónà kejì. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a dupò ni ọlọ́mọlanke, tí ìjọba sì ti fòfin dè láìmọye ìgbà. Ó ń wá lásìkò, ó ń gba owó lẹ́yìn tó bá kó o tán, iye rẹ̀ sì ṣeé dúnàá dúrà. Àléébù rẹ̀ ni pé inú gọ́tà ni púpọ̀ nínú ohun tó kó ń bá lọ, owó tí a kò san fún un níbẹ̀ la sì ń san nígbà tí òjò bá dé.

Kí n má baà ṣe ìdájọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, mo dá awakọ̀ PSP wa dúró lọ́jọ́ kan tó wá. Ó ti ń jẹ búrẹ́dì lórí ìjókòó rẹ̀, omi dúdú ń kán lára ọkọ̀ sórí ọ̀dà. Ó ní láti òru àná ni òun ti wà lórí ìlà ní ẹnu ààtàn tí òun ń lọ, pé òjò ti sọ ojú ọ̀nà ibẹ̀ di ẹrẹ̀, àti pé ọkọ̀ tó yẹ kó já ẹrù lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ń já ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì kì í kú lórí ìlà nítorí pé bí ó bá kú, ó lè má jí mọ́. Láti 2022 tí dísẹ̀lì ti gbówó lórí, gbogbo wákàtí tó fi dúró níbẹ̀ ló ń wá sórí bíllì wa. Iṣẹ́ àwọn PSP ni à ń bú, ojú ọ̀nà ààtàn ìjọba ló sì ń jẹ lára owó náà.

Ohun tí èmi yóò fẹ́ ni pé kí agbègbè kọ̀ọ̀kan máa padà sínú ìdíje lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí LAWMA fi ọkọ̀ tirẹ̀ bá wọn dupò, kí wọ́n sì máa sanwó lórí iye ìgbà tí ọkọ̀ bá dé. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, bàbá tó fẹ̀yìn tì náà sì ní òun kò rí ibi tí àwa méjèèjì ti yàtọ̀ síra.

Ẹgbẹ́ rán mi lọ sí ọ́fíìsì PSP wa pẹ̀lú ìwé ọlọ́dẹ. Ọ̀dọ́bìnrin tí mo bá níbẹ̀ ṣí i, ó fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ta ló kọ ọ́, sà?" Mo ní ọlọ́dẹ ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ya fọ́tókọ́pì rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ wá, ó sì tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọlọ́dẹ wa kò fa ìlà kankan, àmọ́ ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ó fi àyè ìlà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.