Bí Ìyá Ìbejì Ṣe Di Wúńdíá Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó la ẹnu, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ mi, ìwà rẹ̀ dára púpọ̀, àfi pé kì í la ọ̀rọ̀ dé ìdí. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó ní kí n bá òun lọ wo fíìmù ní ọjọ́ kejì, pé ọ̀rẹ́ tí òun ra tíkẹ́ẹ̀tì dè ti já òun kulẹ̀. Mo ní aago mélòó? Ó ní aago méjìlá òru. Mo ní ṣé fíìmù ni àbí àìsùn? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kálukú ló máa ń mú nǹkan dání lọ síbẹ̀: ìrẹsì, búrẹ́dì yíyan, ìwé ìròyìn àti tíṣù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ìrẹsì wá síbi tí èrò pọ̀ sí, kí lẹ máa gbé? Èmi jókòó, mo rò ó. Ìrẹsì, oúnjẹ nìyẹn. Búrẹ́dì, ti àwọn tí kò lè jẹ ata. Ìwé ìròyìn, a ó tẹ́ ẹ sábẹ́ kúlà kí epo má ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́. Tíṣù, a ó fi nuwọ́. Ó yé mi kedere.

Ní Sátidé, mo se jọ̀lọ́ọ̀fù. Mo jẹ́ kí ìdí ìkòkò jó díẹ̀ kó lè ta òórùn èéfín bí ìrẹsì òde. Mo din ẹran ewúrẹ́ sí i, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà ńlá, mo wé gèlè. Bàbá Ìbejì bá mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Ìbejì, níbo ní òru yìí?" Mo ní sinimá ni. Ó wo gèlè, ó wo kúlà, ó ní, "Òkú ta ni wọ́n ń ṣe ní sinimá?"

Nígbà tí a débẹ̀, ẹni tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú tó rí bí àwọ̀n títí dé itan, pẹ̀lú bàtà gogoro. Mo pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi ọmọbìnrin tó mú mi wá bóyá mo ti wá rí, ìyẹn ní rárá. Ni ọkùnrin náà bá kígbe ayọ̀, ó fi ìtọ́tè pupa kọ V gàdàgbà sí mi níwájú orí. Mo rò pé V ti VIP ni. Mo gbórí sókè, mo rìn wọlé bí olorì. Ìgbà tí mo jókòó tán ni wọ́n tó sọ fún mi pé ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù náà nínú ilé sinimá rí, wúńdíá ni wọ́n ń pè é, pé V ti "virgin" ni. Èmi Ìyá Ìbejì! Wúńdíá!

The Rocky Horror Picture Show ni orúkọ fíìmù náà. Inú eré orí ìtàgé kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 1973 ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń lọ nínú òjò, táyà ọkọ̀ wọn fọ́, wọ́n wọ ilé ńlá kan láti tọrọ fóònù. Onílé náà, tí òṣèré Tim Curry ṣe, jẹ́ dókítà tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá ọkùnrin nínú ilé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ará ayé mìíràn ni òun àti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó sì máa parí, odindi ilé náà gbéra nílẹ̀, ó fò lọ.

Ibi ìgbéyàwó ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe rí ìyàwó nínú aṣọ funfun, mo ní àsìkò oúnjẹ ti tó nìyí. Mo ṣí kúlà. Àfi bí òjò ìrẹsì gbígbẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti ẹ̀yìn, wóró wóró lórí gèlè mi! Ìrẹsì tí à ń fi owó rà! Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó rò nínú òkùnkùn pé gbogbo ìrẹsì ni ìrẹsì, ki ọwọ́ bọ kúlà mi, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jù ú.

Ẹ wo jọ̀lọ́ọ̀fù lójú ọ̀run.

Gbogbo ìlà tó wà níwájú wa ló pariwo. Ẹnì kan tó dé irun òyìnbó aláwọ̀ wúrà dìde, ó ki ọwọ́ sínú irun náà, ó yọ ẹran ewúrẹ́ jáde. Ó yí padà, ó ń wò mí. Ẹnu mi ti gbẹ. Ó gbé ẹran náà sí ẹnu, ó jẹ ẹ́, ó sì béèrè bóyá ó ṣẹ́kù.

Bí mo ṣe di olóúnjẹ nìyẹn. Mo ń bù, wọ́n ń tì í síwájú láti ọwọ́ sí ọwọ́, àwo ìwé mi tán, wọ́n ń fi búrẹ́dì yíyan gbà á. Nígbà tí òjò inú fíìmù bẹ̀rẹ̀, tí ọmọge náà fi ìwé ìròyìn bo orí, gbogbo èrò fi tiwọn bo orí, àwọn kan sì fi ìbọn omi yin gbogbo wa. Tèmi wà lábẹ́ kúlà. Gèlè mi rin gbindin.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń wo fíìmù náà láti mọ bó ṣe máa parí. Wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ọ̀rọ̀ kan á jáde lẹ́nu òṣèré, gbogbo ilé á dá a lóhùn. Mo rántí ìyá àgbà mi tó ń pàlọ́ fún wa. Ta ni kò mọ̀ pé ìyà ni yóò kángun sí Ìjàpá? Síbẹ̀ a máa ń gbe orin náà ní alaalẹ́, bí ìyá àgbà bá sì fo ibì kan, a ó ní kó padà síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé nígbà tí fíìmù náà jáde ní 1975, kò pawó. Oṣù Kẹrin 1976 ni ilé sinimá Waverly ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn lóru, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn tó wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn nígbà tó yá. Ilé sinimá kan wà ní Munich, ní Jámánì, tó ti ń fi í hàn láti 1977. Lójú tèmi, kì í ṣe pé fíìmù náà dára tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì rẹ̀ kò yé mi títí di òní. Ó kàn fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́gbè ni.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo wọ bọ́ọ̀sì, èmi àti òfìfo kúlà. Ta ni mo bá nínú rẹ̀? Díákónẹ́sì wa, tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣé òde lo ti ń bọ̀?"

"Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ìgbéyàwó ni mà." Irọ́ kọ́, ìgbéyàwó wà níbẹ̀.

Ó ń wo iwájú orí mi. Mo ti gbàgbé. "V wo nìyẹn?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. "Victory ni mà."

"Halelúyà!" ni gbogbo bọ́ọ̀sì gbọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí mo ṣe jókòó tán, pásítọ̀ gba máìkì. Ó ní Díákónẹ́sì ti sọ fún òun pé ẹnì kan wà láàárín wa tó ní ẹ̀rí ìṣẹ́gun, kí Ìyá Ìbejì jáde síwájú.